Ohun tí òǹkọ̀wé ń wá lórí Google: èsì fún àbúrò wa ní Mọ̀pà

Àbúrò, òkun o. Mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní o ń kọ ìtàn àròsọ nípa ọkùnrin olówó kan tó kú lójijì. O wá lọ béèrè lọ́wọ́ Google pé májèlé wo ni dókítà kì í rí lára òkú, ọkọ rẹ sì yá fóònù rẹ láti fi wo èsì bọ́ọ̀lù, ló bá bá a níbẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń rokà tirẹ̀ lọ́tọ̀. O wá ń béèrè bóyá kí o jáwọ́, tàbí ọgbọ́n wo ni àwa tá a ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ń dá.

Má jáwọ́ o. Iyán rẹ á dá ọkọ rẹ padà. Fún un ní orí méjì àkọ́kọ́ kó kà, kó lè mọ̀ pé ẹlòmíì lo fẹ́ pa.

Èmi náà ti wá ohun tí kò ṣeé kà sókè níwájú pásítọ̀. Wákàtí mélòó ni òkú fi ń le? Ṣé ajá lè gbóòórùn ẹni tó gba inú odò kọjá? Báwo ni wọ́n ṣe ń jí mọ́tò tí kọ́kọ́rọ́ ò sí lára rẹ̀? Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ìpolówó pósí ni mò ń rí lórí Facebook fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé mo béèrè iye tí pósí onídígí ń gbà. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́kọ́ja pè mí, ó ní, "Màámi, ṣé ara yín le?"

Àwọn àwárí bẹ́ẹ̀ wúlò, torí pé fíìmù ti kó irọ́ sí wa lágbárí. Nínú fíìmù, wọ́n á fi áńkáṣíìfù tí wọ́n ta kilorofọ́ọ̀mù sí bo ẹnì kan nímú, kò ní ka ení èjì tó fi ń ṣubú. Kì í rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni náà á sì máa jà, á máa ta ẹsẹ̀. Òkú náà kì í le lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn ló ń ṣíwájú, bíi wákàtí méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn ikú. Tó bá fi máa tó wákàtí 12, gbogbo ara ti le tán, tó bá sì tó ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ooru a máa mú gbogbo rẹ̀ yá. Tí olówó inú ìwé rẹ bá kú ní ìdájí nínú ooru oṣù kẹta, tí ẹni tó máa wẹ̀ ẹ́ sì dé lálẹ́ ọjọ́ kejì, má ṣe kọ ọ́ pé wọ́n tẹ apá rẹ̀ títí, kò tẹ̀. Á tẹ̀ wọ́ọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti rí. Gbogbo àwárí abanilẹ́rù yìí kọ́ ló ń ba ìwé jẹ́. Kò sí òǹkàwé rẹ kan tó ti pa èèyàn rí, àfi tí nǹkan kan bá wà tí o kò sọ fún wa. Ẹni tó máa mú ọ ni bàbá tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jókòó sí iwájú ilé rẹ̀ ní Kàbà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù létí. Bàbá bẹ́ẹ̀ kò bìkítà nípa májèlé. Ohun tó ń wò ni apá ibi tí lọ́rì gbà ní ojú ọ̀nà.

Àwọn èèyàn máa ń gbé ìwé àfọwọ́kọ wá bá mi kí n bá wọn wò ó. Ọ̀kan gbé ìtàn rẹ̀ kalẹ̀ sí Ẹ̀gbẹ̀ ní 1974, ìyàwó ilé ń ka pọ́n-ùn àti ṣílè lọ́jà. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà ti dé. Òmíràn ní ìtàn 1970 tí lọ́rì ti ń sáré lápá ọ̀tún títì. Ọwọ́ òsì ni gbogbo wa ń gbà nígbà náà, ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà yí sí ọ̀tún. Gómìnà Ìpínlẹ̀ Kogí tún wá ṣí ilé ìwé nínú ìtàn ọdún 1985, bẹ́ẹ̀ Kwara la wà láti 1967, ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991 ni wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ fa fóònù alágbèéká yọ lápò ní Ìyàrà ní 1998. Ọdún 2001 ni GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn ìlú ńlá ló sì kọ́kọ́ dé. Kò sí ẹni tí ọkọ rẹ̀ máa bínú sí nítorí pé ó wá "ọdún wo la fi pọ́n-ùn sílẹ̀" lórí Google, àmọ́ àwárí yẹn gan-an ni wọn kì í ṣe, wọ́n rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n.

Àní òṣùpá pàápàá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé nípa ogun Nupe nílẹ̀ wa, á dé oṣù kìíní 1897, nígbà tí ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gbéra láti Lọ́kọ́ja, wọ́n gba Kàbà, kí wọ́n tó sọdá odò Ọya lọ sí Bídà, olú ìlú Nupe. Òǹkọ̀wé fẹ́ràn òṣùpá, ó fẹ́ kí ó ràn sórí gbogbo ìjà. Àwọn ojúlé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń ṣírò òṣùpá ọdún tó bá wù ọ́. Òṣùpá kún ní nǹkan bí ọjọ́ 18 oṣù yẹn. Tí o bá gbé ìran kan sí Kàbà ní àárín oṣù, ìmọ́lẹ̀ wà, kí àwọn ọmọdé máa ṣeré. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ 26, nígbà tí ìjà ti le ní Bídà, òṣùpá kò yọ títí di ẹ̀yìn ọ̀gànjọ́. Jẹ́ kí òkùnkùn wà níbẹ̀.

Ibi tí Google ti máa ń já wa kulẹ̀ ni ilé wa níbí. Mo ń kọ nípa ìsìnkú olóyè kan ní Bùnú, mo fẹ́ mọ irú aṣọ tí wọ́n máa lò. Ohun tí Google kó jáde ni aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn, tí ọkùnrin ń hun ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ láti rán pọ̀. Kò sí nǹkan tó kan Bùnú níbẹ̀. Ní Bùnú, obìnrin ló ń hun aṣọ, lórí òfì tó dúró gbọnrangandan, aṣọ ìsìnkú àwọn ẹni ńlá sì pupa. Ẹnu ìyá kan tó ti darúgbó ni mo ti gbọ́ ìyókù, ó sì kọ́kọ́ bi mí pé, "Ta ló kú?" Ohun tó o máa kọ́kọ́ sọ nìyẹn níbikíbi tí o bá ti ń béèrè nǹkan tó ṣàjèjì: ìtàn ni, kò sẹ́ni tó kú. Sọ ọ́ kó tó di pé o béèrè. Àwa níbí, tí obìnrin bá dédé wọ ilé ìwòsàn tó ní "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ejò ṣe ń pani?", wọ́n á ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ló gbà mí lórí ọ̀rọ̀ ejò. Mo ti kà lórí fóònù pé kí wọ́n fẹnu fa oró jáde, pé kí wọ́n so ẹsẹ̀ pinpin. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn méjèèjì kì í ṣe oore. Ó wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n máa ń ṣe: wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò kékeré tó mọ́, wọ́n á gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 20. Lẹ́yìn náà wọ́n á dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń ṣàn bí omi, tí kò dì, oró náà ti wọ ara nìyẹn, ó sì nílò abẹ́rẹ́ apa-oró. Àbúrò, wo ìṣẹ́jú 20 yẹn dáadáa. Ìyá ọmọ dúró, bàbá ọmọ dúró, gbogbo wọn ń wo ìgò. Kí lo tún ń wá májèlé kiri fún?

Ní ti fóònù, èyí tó o bẹ̀rù jù, jẹ́ kí n sọ tèmi. Mò ń kọ ìtàn àwọn ajínigbé. Ẹ̀dá ìtàn mi, ìyá ọmọ tí wọ́n jí, fẹ́ gbé mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lọ sínú igbó, mo sì ti kọ ọ́ pé ó kó o sínú àpamọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ara mi ò balẹ̀. Mo bá béèrè lọ́wọ́ Google bí owó náà ṣe tóbi tó. Ìwé ẹgbẹ̀rún kan náírà gùn ní mìlímítà 151, ó fẹ̀ ní 78. Ọgọ́rùn-ún ìwé ló wà nínú ìdì kan. Ìdì mẹ́wàá ni mílíọ̀nù kan, nítorí náà ọgọ́rùn-ún ìdì ni mílíọ̀nù mẹ́wàá. Mo gé bébà kọ̀ǹpútà sí ìdì kan ṣoṣo, mo wọn bó ṣe nípọn tó, mo wá fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ gé ìyókù ní ìwọ̀n kan náà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi bá mi tò ó. Àpamọ́wọ́ mi kò tíì gba ìdá mẹ́ta rẹ̀ tí síìpù fi kọ̀. Báàgì ilé ìwé gbà á, àmọ́ ó wú bí ikùn aboyún oṣù mẹ́sàn-án. Owó gidi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ á sì tó nǹkan bíi kílò mẹ́wàá. Obìnrin náà ò lè rìn kó má hàn pé ó ru nǹkan. Orí yẹn yí padà pátápátá nítorí báàgì.

Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ wà lórí fóònù mi: "báwo ni ajínigbé ṣe ń gba owó ìtúsílẹ̀", "ìwúwo mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà", "ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí ní Kogí". Lọ́nà Ọ̀bàjànà, àwọn kan tó wọ aṣọ iṣẹ́, tí ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, dá mọ́tò wa dúró, wọ́n ní kí gbogbo èrò kó fóònù jáde. Ọmọkùnrin tó gba tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àwárí mi sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tá a jọ jẹ àkàrà láti gáréèjì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n sọ mí kalẹ̀, mọ́tò lọ, oòrùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kí wọ́n tó fi mí sílẹ̀.

Ohun tó yọ mí ni ìwé àjákọ tó wà nínú báàgì mi, tí àkọlé ìtàn wà lójú ìwé àkọ́kọ́, tí orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn sì tò sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá wọn jókòó lórí táyà, ó kà á lọ ráńpẹ́. Ó ní ajínigbé tí òun mọ̀ kì í sọ̀rọ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, pé gbólóhùn méjì ni, wọ́n á pa fóònù. Mo ní ẹ ṣeun, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, abala 37 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ Nàìjíríà, títí kan ọ̀rọ̀ orí fóònù rẹ̀. Mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nínú igbó, níwájú ìbọn, ẹnu tútù ni kó o lò.

Láti ìgbà náà, mo ya ímeèlì kan sọ́tọ̀ fún ìwé nìkan, orí fóònù tí mo ń lò nílé ló wà, mi ò kì í gbé fóònù yẹn rìnrìn àjò. Má gbára lé Incognito jù, ìyẹn ọ̀nà àwárí ìkọ̀kọ̀ orí fóònù. Fóònù rẹ kò ní tọ́jú ohun tí o wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún ọ ṣì lè rí àwọn ojúlé tí o yà sí. O lè ṣètò Google kó máa pa àwárí rẹ rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 3, 18 tàbí 36. Ṣùgbọ́n má ṣe nu fóònù mọ́ kedere lọ́jọ́ ìrìn àjò, fóònù tó ṣófo a máa bí wọn nínú ju èyí tó kún lọ. Máa gbé ìwé àjákọ rẹ dání.

Ẹni tó béèrè lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ bóyá Táyé lè hùwà ọ̀daràn kí wọ́n sì mú Kẹ́hìndé: bí wọ́n bá jẹ́ ìbejì tó jọra bí imú ṣe jọ imú, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ DNA tó wọ́pọ̀ kò ní lè yà wọ́n. Ìtẹ̀ka ló máa yà wọ́n, torí pé ti ìbejì méjì kì í bára mu. Ní Argentina ní 1892 ni wọ́n ti fi ìtẹ̀ka tó kún fún ẹ̀jẹ̀ dá ẹjọ́ ìpànìyàn, ìyá tó pa ọmọ rẹ̀ méjì tó sì fẹ́ dì í ru aládùúgbò. Nítorí náà, tí o bá fẹ́ kí ẹjọ́ náà dojú rú, wọ Táyé ní ìbọ̀wọ́.