Ṣé òfíò máa ń tanná?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo fẹ́ ya fọ́tò òdòdó òfíò tó hù ní àbàtà ẹ̀yìnkùlé wa, ṣùgbọ́n koríko lásán ni mo ń rí nínú fóònù. – Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ọmọ mi, òdòdó lo ń wò yẹn! Atẹ́gùn ló ń bá a gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kiri, kò nílò àwọ̀ láti fi pe kòkòrò. Fọwọ́ yí igi rẹ̀ wò: onígun mẹ́ta ni, ti eéran kì í rí bẹ́ẹ̀.

Jí lọ kí afẹ́fẹ́ tó dìde. Fi aṣọ dúdú sẹ́yìn rẹ̀, kí o kúnlẹ̀. Inú ẹrẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí fọ́nrán mẹ́ta tín-ín-rín tó yọ lórí òdòdó kan. Ara mi yá gágá. Ya fọ́tò ewé gígùn abẹ́ ṣírí òdòdó náà pẹ̀lú, òun la fi ń dá a mọ̀. Jọ̀ọ́, má fà á tu.