Káàdì kọ́ ló ń pa ẹ́, Ọ̀pẹ Ọláìyá

Àbúrò mi tó pe ara ẹ̀ ní Ọ̀pẹ Ọláìyá, lẹ́tà ẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, ẹ̀kan nílé, ẹ̀kan nínú kòròpe nígbà tí mò ń bọ̀ láti Òkè-Fíà, obìnrin tó jókòó tì mí sì ń bá mi kà á títí mo fi yí fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ẹ̀yin tó kù, ohun tó kọ rèé ní ṣókí. Ó ń tún fóònù ṣe ní Ọláìyá, l'Óṣogbo níbí. Ó ti tó oṣù 7 tó ti ń ta pọ́kà, eré káàdì tí wọ́n ń fi owó ta, lórí fóònù, tábìlì tó kéré jù, sẹ́ǹtì 1 àti sẹ́ǹtì 2 ni ẹni méjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, dọ́là 2 péré lèèyàn ń gbé jókòó síbẹ̀, kò sì tíì sí oṣù kan tó jèrè. Ó ní òun ti wo fídíò títí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí mi ni ò gba káàdì ni, àbí kí ni kí n ṣe kí n lè máa jẹ?" Nísàlẹ̀ pátápátá ló wá rọra sọ ọ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, pé òun ni wọ́n ń kó owó àjọ fún láàárín àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ₦45,000 nínú ẹ̀ sì ti bá pọ́kà lọ, ìyàwó òun ò mọ̀.

Mo máa dé orí àjọ yẹn, má rò pé mi ò rí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi ìwàásù bẹ̀rẹ̀ o ò ní kà á dé ìsàlẹ̀, torí náà jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti káàdì.

Èmi náà ń ta á o. Ẹ má pariwo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ káṣíà, ó ní oorun ọ̀sán tí mò ń sùn ti pọ̀ jù. Oṣù 4 gbáko ni mo fi pàdánù, èmi tó jẹ́ pé ọjọ́ ayé mi ni mo fi ka owó olówó tí kọ́bọ̀ kan ò sọnù lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ló dùn mí jù, kì í ṣe dọ́là 2.

Bàbá wa, ọ̀ta ayò ni wọ́n. Ọmọ ayò 48, ojú ọpọ́n 12, gbogbo ẹ̀ wà níta gbangba, kò sóhun tó fara pamọ́, tí ọ̀pẹ bá gbàgbé láti kà á pẹ́rẹ́n, odù ti dé bá a, ó tán, kò sì sí ẹni tó lè dá lẹ́bi àfi ara ẹ̀. Pọ́kà ò rí bẹ́ẹ̀. Káàdì 2 lọ́wọ́ ẹ, 5 láàárín tí gbogbo yín jọ ń lò, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì o ò rí i, torí náà o lè ṣe bí wèrè kó o jẹ, o sì lè ṣe dáadáa kí wọ́n gba gbogbo owó ẹ. Ìbejì éèsì, ìyẹn éèsì 2 lọ́wọ́ ẹnì kan, tí kò sí ohun tó jù ú lọ kí wọ́n tó ṣí ti àárín, tí ẹnì kan bá fi ìbejì kíìnì kò ó lójú, bíi 18 nínú 100 ni kíìnì ṣì máa borí ẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń rí ibi sá pamọ́ sí. Ó ti wá rọrùn fún ẹ láti máa pè é ní orí burúkú láti oṣù 7, o ò sì yẹ ọwọ́ ara ẹ wò.

Wo ọwọ́ (ìpín káàdì kan) tó o kọ ránṣẹ́ sí mi yẹn. O mú kíìnì àti 9, àmì wọn ò sì jọra. Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú, tó ń sọ̀rọ̀ ṣáájú yín, ti fi owó kún un, ó sọ ọ́ di sẹ́ǹtì 8, ìwọ náà san án "torí kíìnì wà níbẹ̀". Wọ́n ṣí 3 àkọ́kọ́ nínú ti àárín: kíìnì, 6, 2. Inú ẹ dùn. Ó béèrè owó, o san, ó tún béèrè, o tún san, ìgbà tí káàdì karùn-ún jáde ló ṣí éèsì àti kíìnì hàn ẹ́.

Àbúrò mi, ẹni tó jókòó níwájú gbogbo yín tó sì tún fi owó kún un, kí lo rò pé ó mú dání, ẹ̀wà? Tí òun náà bá ní kíìnì, kíìnì tiẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wà pẹ̀lú éèsì tàbí kuíìnì tàbí jáàkì, gbogbo wọn ló ń na 9 ẹ, torí tí kíìnì yín bá dọ́gba, káàdì kejì ló máa dá a. Lẹ́yìn tí kíìnì ti jáde, 9 mẹ́ta péré ló kù nínú páàkì tó lè gbà ẹ́ là, ìyẹn ò ju bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́jọ lọ. Tún un rò báyìí: tí kíìnì ò bá jáde, sẹ́ǹtì 8 lo sọnù, tí kíìnì bá jáde, dọ́là kan àbọ̀ lo sọnù. Ibi tó jọ ire lójú ẹ gan-an ni wọ́n ti ń kó ẹ lẹ́rù lọ. Káàdì bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó o dárúkọ, éèsì àti 6, jáàkì àti 8, àwòrán kan pẹ̀lú kúlúsọ kan.

Nítorí náà, jù ú sílẹ̀. Lórí tábìlì ẹlẹ́ni 9 tó o sọ pé o máa ń wà, nínú 10 tí wọ́n bá pín fún ẹ, bí 2 ni kó o tẹ̀lé, kó o ju mẹ́jọ tó kù sílẹ̀ láìwẹ̀yìn. O ní ó máa ń sú ẹ. Ó gbọ́dọ̀ sú ẹ ni! Ìbejì èyíkéyìí, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 17 ló ń wá, ìbejì éèsì ẹ̀ẹ̀kan nínú 221, tí wọ́n bá ń pín ọwọ́ 70 fún ẹ ní wákàtí kan, ó lé ní wákàtí 3 kó o tó rí i lẹ́ẹ̀kan. Èmi, ẹ̀wà ni mo máa ń ṣà. Mo gbé fóònù ti agolo mílíìkì, mo gbé atẹ sórí itan, káàdì tí ò dáa ìka kan ni mo fi ń lé e lọ, mo padà sórí ẹ̀wà mi. Látìgbà yẹn kò sẹ́ni tó fi eyín kan òkúta mọ́ nílé wa.

Ibi tó o jókòó sí náà ṣe pàtàkì. Ṣó o ti bá ìyá kan ná ọjà rí ní Ìgbọ̀nà? Tó o bá bi í pé "èló ni gbẹ̀yìn", òun náà á ní "èló lẹ fẹ́ san", torí ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ló ti sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Pọ́kà gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí tábìlì ti gbọ́ tẹnu gbogbo yín kó tó mọ ohun tó máa ṣe, nítorí náà tó bá kàn ẹ́ láti gbẹ̀yìn o lè fi káàdì díẹ̀ kún èyí tó o máa ta, tó o bá wà níwájú, àfi èyí tó dáa gan-an.

O tún ní o máa ń blọ́ọ̀fù bíi ti inú fídíò, kó o máa fi owó halẹ̀ nígbà tí kò sí káàdì gidi lọ́wọ́ ẹ. Blọ́ọ̀fù fún ta ni? Àwọn tó wà lórí tábìlì sẹ́ǹtì 2 yẹn, wọ́n fẹ́ rí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ ni, wọn ò wá síbẹ̀ láti ju káàdì sílẹ̀. Ò ń halẹ̀ mọ́ adití. Dúró dìgbà tó o bá ní ojúlówó lọ́wọ́, kó o wá béèrè owó dáadáa, wọ́n á san án fún ẹ. Àti pé ẹni tó ti ń tẹ̀lé ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀ tó wá ṣàdédé kó gbogbo owó ẹ̀ sílẹ̀ lórí káàdì karùn-ún, gbà á gbọ́ jàre.

Fúlọ́ọ̀ṣì tó o ń lé kiri, ìyẹn káàdì 5 tí àmì wọn jọra, mi ò ní kó o má lé e, mo ní kó o ṣírò. Ká ní 4 nínú àwọn káàdì tó ò ń wò jẹ́ háàtì, tó sì ku káàdì kan tí wọ́n máa ṣí. Háàtì 9 ló kù nínú 46 tí o ò tíì rí, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Owó àárín jẹ́ sẹ́ǹtì 20, ẹnì kejì fi 10 sí i, ó ní kó o san 10 kó o lè jẹ 30. Ó ní láti wọlé lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́rin kẹ́ ẹ tó ṣe dọ́gba, márùn-ún ni tìẹ, sẹ́yìn lò ń lọ. Tó bá jẹ́ sẹ́ǹtì 4 ló fi sí i, tẹ̀lé e. Ìṣirò tí àwọn alágbàtà gàrí ń ṣe lórí kí wọ́n tó na ọwọ́ nìyẹn, kò sí ìwé nínú ẹ̀.

Ohun tí àwọn onífídíò kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni owó ilé. Ìwọ tó jẹ́ alájọ, o mọ̀ pé alájọ ń gba owó ọjọ́ kan nínú oṣù. Ilé pọ́kà ń gba tiẹ̀ nínú owó àárín, lórí àwọn tábìlì kéékèèké ó sábà máa ń tó 5 nínú 100, dọ́là kan ti fò, sẹ́ǹtì 5 ti lọ. Ẹ̀yin méjì tí ọgbọ́n yín dọ́gba, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa pàdánù. O gbọ́dọ̀ fi nǹkan gidi ju wọ́n lọ kó o tó rí èrè, èrè ọ̀hún ò sì lè tó owó ojú fóònù tó ò ń pààrọ̀, jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa.

Chris Moneymaker tó o fi ń dá ara ẹ lọ́kàn le (orúkọ ẹ̀ gan-an nìyẹn o, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́), òótọ́ ni, akáńtà ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti gba àyè wọ ìdíje pọ́kà ńlá tí wọ́n ń pè ní World Series of Poker, ó sì jẹ mílíọ̀nù 2.5 dọ́là níbẹ̀ ní 2003. Èèyàn 839 ló wọ ìdíje yẹn. Dárúkọ ẹnì kejì tó o mọ̀ níbẹ̀ fún mi.

Ra ìwé. Ìwé ọmọ iléèwé lásán ti tó. Kọ ọjọ́, aago tó o jókòó, iye tó o gbé wá, iye tó o gbé dìde, kó o wá kọ ọwọ́ kan ṣoṣo tó dùn ẹ́ jù lọ́jọ́ náà àti ìdí tó o fi san owó náà. "Orí burúkú" kì í ṣe ìdí. Nígbà tí mo kọ tèmi dé ojú ewé kẹta ni mo rí i pé gbogbo owó ńlá tí mo pàdánù, lẹ́yìn aago 11 alẹ́ ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ gba dọ́là 2 lọ́wọ́ mi tí orí mi ti gbóná. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo rò pé káàdì òru ni ò fẹ́ràn mi. Ìwọ wá ń ta tábìlì 3 pa pọ̀ ní aago kan òru lórí fóònù tí ojú ẹ̀ ti là, NEPA ti múná lọ, MB ń lọ ń bọ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì dákú lọ́wọ́ ẹ tí àsìkò bá tán, wọ́n á ju káàdì ẹ nù, owó tó o ti fi sílẹ̀ ti lọ nìyẹn. Tábìlì kan. Dọ́là 2 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, tó bá lọ, pa á. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kéèyàn ní tó dọ́là 60 nílẹ̀ kó tó jókòó sí tábìlì dọ́là 2, ṣùgbọ́n bó o ṣe ń ta á báyìí apẹ̀rẹ̀ lo fi ń pọnmi, dọ́là 600 ò ní dúró níbẹ̀.

Ó wá ku àjọ. Kò sí pọ́kà kankan títí ₦45,000 yẹn á fi pé. O ò ní fi pọ́kà wá a padà, gbọ́ mi dáadáa, ohun tó wà lọ́kàn ẹ nìyẹn nígbà tó ò ń kọ lẹ́tà, mo rí i láàárín ìlà. O ní ìyá tó ń ta ẹ̀bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló kàn níparí oṣù, owó iléèwé ọmọ ló fẹ́ fi san. Ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé yẹn, kọ iye fóònù tó o máa tún ṣe kó tó pé, máa fa ìlà sí i bó ṣe ń wọlé. Tó bá jọ pé kò ní pé, lọ bá ìyá yẹn nísinsìnyí, kó o dọ̀bálẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ tó bá mú àpò ẹ̀ wá. Kó o sì sọ fún ìyàwó ẹ lónìí, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà. Ó máa bínú. Jẹ́ kó bínú.

Tó o bá sì yọ áàpù yẹn kúrò tí ọwọ́ ẹ tún ń wá a lóru, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní bí wọ́n ṣe ń ta káàdì. Ọ̀pọ̀ ilé pọ́kà ló ní ibi tó o ti lè ní kí wọ́n ti àkáǹtì ẹ pa, lo ibẹ̀, kó o gbé káàdì ATM fún ìyàwó ẹ. Àwọn tó ń ta "kóòdù tó dájú" lórí Telegram ńkọ́? Kò sí kóòdù nínú pọ́kà, olè ni wọ́n.

Lálẹ́ àná wọ́n pín kíìnì àti 9 fún mi, mo rántí ẹ, mo jù ú sílẹ̀. Kíìnì 2 ló jáde láàárín. Mo rẹ́rìn-ín, mo dìde lọ da omi sí ẹ̀wà.