Oorun irú ò ṣe é gé kúrú

Ìbéèrè yín ni pé ṣé ẹ lè fi pressure pot àti ófùnù sọ irú ọjọ́ mẹ́ta di ti ọjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, torí ìdúró yẹn ti sú yín. Ẹ lè gé sísè rẹ̀ kúrú. Oorun tó ń sùn lábẹ́ ewé ni ẹ ò lè gé.

Ẹ ṣa hóró irú kílò 1, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ sè é nínú pressure pot fún nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀. Lórí iná igi, ó lè tó wákàtí 12, torí èèpo rẹ̀ le púpọ̀. Ẹ fi ìka méjì tẹ ẹyọ kan: bí èèpo ò bá bọ́, ẹ má fipá gún un, ẹ dá a padà síná. Ẹ gún un jẹ́jẹ́ lódó, ẹ ṣàn án nínú omi púpọ̀, kí ẹ máa da èèpo tó bá léfòó nù, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Èyí tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, eyín yín ló máa bá a pàdé nínú ẹ̀fọ́. Lẹ́yìn náà ẹ tún un sè: irú woro, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, irú pẹ̀tẹ̀, títí yóò fi rọ̀ pátápátá. Àwọn kan máa ń fi káún díẹ̀ sí ti pẹ̀tẹ̀.

Omi ló ń ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ẹ sẹ́ ẹ kó gbẹ dáadáa, àmọ́ kó ṣì máa gbóná. Irú tó rin gbingbin máa ń kan ni, kì í yọ̀. Ẹ tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú agbọ̀n tàbí igbá, ẹ dà á sí i, kó má ga ju ìka mẹ́rin lọ. Ẹ má lo ike tó ní ìdérí pinpin, ó nílò atẹ́gùn. Kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣiṣẹ́ náà, Bacillus subtilis, ti wà lára igbá àti ewé àwọn tó ń ṣe é nílé. Abọ́ tuntun yín kò ní in. Nítorí náà ẹ fọ́n ṣíbí kan irú àtijọ́ tí kò níyọ̀ sí i, kí ẹ tó fi ewé bò ó.

Nílé, àpò ìdọ̀họ tó fún un. Lọ́hùn-ún, ẹ fi kúbùsù wé e, kí ẹ gbé e sínú ófùnù tí a kò tàn, iná gílóòbù inú rẹ̀ nìkan ni kó wà ní títàn. Ìwọ̀n ooru 35 sí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló fẹ́. Bí ẹ bá tan ófùnù gan-an, hóró á gbẹ kó tó ṣe nǹkan kan.

Ó ku ká dúró. Lọ́jọ́ kìíní, òórùn ẹ̀wà sísè ni. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fọwọ́ kan ara agbọ̀n: á ti máa mú ooru ara rẹ̀ wá, òórùn á sì ti yí. Ẹ má ṣí i, ooru yẹn lẹ máa tú dànù. Imú lẹ fi máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìta. Irú ọjà, ẹ̀ẹ̀kan náà ni òórùn rẹ̀ máa ń bá èèyàn. Èyí ń wọlé díẹ̀díẹ̀ fún òru méjì, tí ará ilé á fi máa béèrè ìgbà tí a fẹ́ se é. Torí ẹ̀ ni mo fi ń sọ pé kí ẹ ra ẹ̀fọ́ àti epo sílẹ̀ ṣáájú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ ṣí i. Hóró á ti dúdú díẹ̀, á fà bí ilá, á sì ta yín nímú. Bí ó bá kan, tàbí tí ó hu èbu aláwọ̀ ewé, ẹ dà á nù, ẹ má fi ata bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ bu ti ẹ̀fọ́ ọjọ́ náà sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi iyọ̀ ṣíbí ìjẹun 2 sí ìyókù. Iyọ̀ kì í ṣáájú, torí ó ń dá iṣẹ́ kòkòrò náà dúró. Ẹ dín àlùbọ́sà nínú epo pupa, kí ẹ da irú náà sí i fún ìṣẹ́jú kan péré kí ata tó wọlé. Ìyókù, ẹ pín in sí kékeré-kékeré, kí ẹ kó o sí fírísà.