Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: Ìkànnì Tó Ń Fà Bí Ìgbín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé là ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí oníbàárà bá ṣí ìwé kan, a máa ń fi ìwé 10 mìíràn tí àwọn tó ra irú rẹ̀ tún rà hàn án. Láti ìgbà tí tébù `orders` ti di ìlà mílíọ̀nù 4, ó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 9. PostgreSQL (ètò tó ń tọ́jú dátà) là ń lò. Ṣé ká ra sáfà tó tóbi ju èyí lọ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ `EXPLAIN (ANALYZE, BUFFERS)` síwájú query yẹn (àṣẹ tó ń wá ìwé 10 náà jáde), kó lè fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn yín. Bí ẹ bá rí `Seq Scan on orders`, ṣe ló ń ka tébù láti òkè délẹ̀, torí kò rí index (atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí ìlà tó ń wá) tó wúlò. MySQL (InnoDB), tó jẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn, máa ń dá index ṣe fún foreign key (òpó tó so tébù kan mọ́ òmíràn). PostgreSQL kì í ṣe é, ibẹ̀ ló sì ti ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ ṣe index méjì: `(book_id, user_id)` láti wá àwọn tó ra ìwé náà, àti `(user_id, book_id)` láti wá ohun mìíràn tí wọ́n rà. Ẹ lo `CREATE INDEX CONCURRENTLY` kí ọjà má bàa dúró. Bí iṣẹ́ náà bá já lágbedeméjì, index tó kù sílẹ̀ kò wúlò. Ẹ `DROP` rẹ̀ (ẹ pa á rẹ́) kí ẹ tó tún un ṣe.

Ìyẹn á dín in kù, kò ní pa á tán, nítorí ìṣirò kan náà lẹ ṣì ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ẹ ṣe ìṣirò náà sílẹ̀ lóru: tébù `similar_books`, ìwé 20 péré fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Tébù tuntun ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ wá pààrọ̀ orúkọ rẹ̀ àti ti àtijọ́ nínú transaction kan (gbogbo rẹ̀ á yọrí pọ̀ tàbí kó má yọrí rárá), kí oníbàárà má bàa bá tébù òfìfo.

Iṣẹ́ òru yẹn náà lè há o. Alátùntà tó ra ìwé 1,000 ń bí ìsopọ̀ ìwé méjì-méjì 499,500. Ẹni tó ra 50, 1,225 ni tirẹ̀. Ẹ fi oníbàárà kọ̀ọ̀kan mọ sí ìwé 50 tó rà kẹ́yìn. Alátùntà kì í kúkú yan ìwé fún ara rẹ̀.

Bí Bíbélì bá wá ń yọjú lábẹ́ ìwé ọbẹ̀ sísè, iye lásán lẹ kà, ìwé tí gbogbo èèyàn ń rà á sì máa yọ níbi gbogbo. Ẹ ṣe ìsodipúpọ̀ iye tó ra èkíní àti iye tó ra èkejì, ẹ wá square root rẹ̀, kí ẹ fi pín iye àwọn tó ra méjèèjì. Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò tíì rà ò lè sí nínú tébù yìí. Èyí tó ń tà jù ní ẹ̀ka rẹ̀ ni kí ẹ gbé síbẹ̀.