Ṣé 0.45 ju 0.5 lọ ni?

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà lókè òkun, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Toronto la ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, mú iṣẹ́ àṣetiléwá bọ̀: kó to 0.5, 3/8 àti 0.45 sórí ìlà nọ́ńbà. Ó ní 0.45 ló tóbi jù, torí 45 ju 5 lọ. Mo ní kó fi òdo kún 0.5 kó di 0.50, bí wọ́n ṣe kọ́ àwa nílé. Ó gbà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti gbàgbé. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Aláàfin, ẹ kú ìnira o. Ọmọbìnrin tèmi náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Òdo tí ẹ fi kún un kò burú, ṣùgbọ́n ọmọ kò mọ ohun tí òdo náà wá ṣe. Ó kàn gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ni.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pè é: “pọ́íǹtì fọ́tífáìfù.” Ẹnu ti sọ ọ́ di odindi nọ́ńbà kí orí tó rò ó. Èdè wa ni kó fi pè é. Ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi paraku, kì í jẹ́ kí owó tí mo bá fi ránṣẹ́ sùn kó tó yọ ìdámẹ́wàá. Ìdámẹ́wàá yẹn gan-an ni 0.1! Márùn-ún rẹ̀ ló wà nínú 0.5. Mẹ́rin péré ló wà nínú 0.45, 5 tó kù, ìdá ọgọ́rùn-ún ni, wẹ́wẹ́ báyìí, márààrún kò tó ìdámẹ́wàá kan.

Ẹ wá tépù aránṣọ. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi nítòsí Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, la ti ṣe tiwa nígbà tí a lọ sílé. Ẹ gé rìbọ́ǹnù 100 sẹ̀ntímítà gééré: ìbẹ̀rẹ̀ ni 0, òpin ni 1. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, 50 nìyẹn, ìdajì, 0.5. Ẹ tún ṣẹ́ ẹ po, 25. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó di ọ̀nà mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12.5. Kó ka mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀: 37.5. Ibẹ̀ ni 3/8 ń gbé, 0.375. Ojú 45 ni 0.45 wà. Ojú rẹ̀ ni yóò fi rí i pé 3/8 ló ṣáájú, 0.5 ló gbẹ̀yìn.

Ọmọ mi kò jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ó ṣẹ́ rìbọ́ǹnù po sí mẹ́ta, ó ní 33. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó lé díẹ̀. Ó ní 33.3. Ó ṣì lé! Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ tépù bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Tí a bá pín 1 sí ọ̀nà mẹ́ta, 3 ni yóò máa jáde títí láé, bẹ́ẹ̀ ojú kan ṣoṣo ni ìdámẹ́ta wà lórí rìbọ́ǹnù. Iṣẹ́ kò lọ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Tí ẹ bá wálé, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó nǹkan bí 50 kìlómítà, ẹ jẹ́ ká pè é ní 50 géérégé. Ẹ fi Ọ̀yọ́ ṣe 0 (ẹ má bínú), kí Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ 1. Tí ẹ bá ti rin 20, ẹ bi í pé ibo la dé? Kó dá yín lóhùn lọ́nà méjì: 2/5, 0.4. Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ lè wá fi ìlú tiwa ṣe òdo.