Ṣé kí n dá TR6 mi padà sí yẹ́lò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, Triumph TR6 ọdún 1973, lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan ní Kent. Pupa ni, àmọ́ nígbà tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì inú bùútù sókè, yẹ́lò ni mo bá lábẹ́ ibẹ̀. Àwọn tá a jọ fẹ́ràn irú ọkọ̀ yìí ní kí n yára dá a padà sí yẹ́lò. Ìyàwó mi ní òun ò torí àtiwọ danfo ní London fi Èkó sílẹ̀. Kí làwọn èèyàn ń rí lára yẹ́lò yìí gan-an? Ṣé ó sì tó iṣẹ́ tó máa gbà?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, bá mi kí ìyàwó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Mushin lèmi ti kọ́ṣẹ́ ọ̀dà ọkọ̀ kí n tó dé ìhín, ó sì pẹ́ kí yẹ́lò tó wù mí, torí ojú danfo ni mo fi ń wo gbogbo ẹ̀. Àmọ́ yẹ́lò ju ẹyọ kan lọ. Ti danfo ń lọ sọ́dọ̀ ọsàn, wọ́n tún wá fa ìlà dúdú méjì sí i lára. Mimosa, yẹ́lò Triumph tó ṣeé ṣe kó jẹ́ tìẹ, orúkọ òdòdó ni, ìyeyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ló jọ lójú mi. Inca, tí Triumph lò pẹ̀lú, ni mo lè sọ pé ó bá danfo tan díẹ̀.

Kó o má baà máa méfò, wá irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí. Nọ́ńbà ọ̀dà wà níbẹ̀. Ní Triumph, òǹkà tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ìdílé àwọ̀: 2 ni pupa, 4 ni yẹ́lò, 5 ni àwọ̀ ewé. 64 ni Mimosa, 94 ni Inca. Bí irin náà bá ti sọnù, British Motor Museum tó wà ní Gaydon máa ń bá èèyàn yẹ ìwé ilé iṣẹ́ wò, wọ́n á sì fún ẹ ní ìwé ẹ̀rí tó sọ àwọ̀ tí ọkọ̀ náà bá jáde.

Ohun táwọn èèyàn ń rí ńkọ́? Apá kan ẹ̀ wà nínú ojú tiwa fúnra wa. Lọ́sàn-án, ibi tí àwọ̀ ewé ti ń di yẹ́lò ni ojú èèyàn ti máa ń gba ìmọ́lẹ̀ jù. Ọkọ̀ kékeré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sílẹ̀ bíi TR6, tí awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù lè má rí rárá, yẹ́lò ò ní jẹ́ kí wọ́n fojú fò ó.

Ṣùgbọ́n òjìji ni mo fẹ́ kó o wò. Àwọ̀ tó bá jin máa ń gbé òjìji mì. Yẹ́lò kì í gbé e mì: etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lọ sẹ́yìn, gbogbo ẹ̀ á yọ bí ẹni fi pẹ́ńsù fà á. Wá wo TR6 látẹ̀yìn. Karmann ti ilẹ̀ Jámánì ló bá Triumph gé ẹ̀yìn yẹn gbun bẹ́ẹ̀, dúdú tí kò dán ni wọ́n sì kùn sáàárín iná méjèèjì. Lára ọkọ̀ pupa, dúdú yẹn kàn wà níbẹ̀ ni. Lára yẹ́lò, òun lojú ń kọ́kọ́ bá, táyà àti rùfù aṣọ dúdú á sì gbè é lẹ́sẹ̀.

Ìtàn náà wà ńbẹ̀. Nínú eré ìje àtijọ́, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tiẹ̀: àwọ̀ ewé ni tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pupa ni ti Ítálì, búlúù ni ti Faransé, yẹ́lò ni ti Bẹ́ljíọ̀mù. Yẹ́lò kì í ṣe ogún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ní Ítálì alára, yẹ́lò tó wà lẹ́yìn ẹṣin inú àmì Ferrari, àwọ̀ ìlú Modena ni, Lamborghini sì gbé ọkọ̀ Countach àkọ́kọ́ lọ síbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Geneva ní 1971, yẹ́lò ni. Àsìkò yẹn ni àwọ̀ títàn gba ìgboro, TR6, tí wọ́n ń ṣe ní Coventry títí di 1976, sì bá wọn jó o. Ọkọ̀ pupa lè jẹ́ ti ọdún èyíkéyìí. Tí mo bá rí Mimosa lókèèrè, mo ti mọ ọdún tí mo ń wò.

Iṣẹ́ ẹ̀ wá ńkọ́. Kò sí àwọ̀ tó ń dójú ti pẹ́ńtà bíi yẹ́lò. Láyé ọjọ́un, òjé àti kuróómù wà nínú èròjà yẹ́lò, ó sì ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ dáadáa. Wọ́n ti pa èyí tì nítorí ìlera, ọ̀pọ̀ yẹ́lò òde òní sì fẹ́lẹ́, ohun tó wà lábẹ́ máa ń yọjú. Yẹ́lò àkọ́kọ́ tí mo fín nílùú yìí, orí práímà, ìyẹn ọ̀dà ìsàlẹ̀, aláwọ̀ eérú ni mo fín in sí, torí òun ló wà nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni mo fín in. Lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, ó dùn ún wò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tá a tì í síta, bọ́nẹ́ẹ̀tì dà bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n, ibi tí mo fi fílà, ìyẹn ohun tá a fi ń dí kòtò ara ọkọ̀, dí lára ilẹ̀kùn sì yọ bíi làpálàpá. Mo há gbogbo ẹ̀, mo tún un fín, lówó ara mi.

Funfun ni mo máa ń fi sábẹ́ ẹ̀ báyìí, láti orí dé ìdí. Mo máa ń lẹ bébà kékeré tó ní ojú dúdú àti ojú funfun mọ́ ara ọkọ̀, màá sì máa fín lọ títí mi ò fi ní mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun mọ́. Kó tó dìgbà yẹn, kò tíì bò.

Tìẹ tún ní wàhálà ọ̀tọ̀: pupa yẹn. Àwọn pupa àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí ọ̀dà tuntun bá ti kàn wọ́n, wọ́n á sun jáde, wọ́n á sọ yẹ́lò ẹ di àwọ̀ ọsàn. Pẹ́ńtà tó bá ní òun á kàn fi sánpépà rà á díẹ̀ kóun tó fín in, sá fún un. Kí wọ́n há pupa kúrò. Kí wọ́n fi omi há yẹ́lò ìsàlẹ̀, nítorí òjé lè wà nínú eruku ẹ̀, ìwọ náà má sì wọ aṣọ iṣẹ́ náà wọlé bá àwọn ọmọ. Ọ̀dà tí wọ́n ń po mọ́ hádénà, ìyẹn èròjà tó ń mú ọ̀dà le, má ṣe fín in ní gárééjì ilé rárá: ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìbòmú tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn mímọ́ sí ló gbà.

Má sì jẹ́ kí wọ́n fín in níta nígbà ooru. Àwọn kòkòrò dúdú wínníwínní tó ń jẹ lẹ́búlẹ́bú òdòdó máa ń ṣe bí ẹni pé oko làwọn bà sí. Mo ti fi abẹ́rẹ́ yọ mẹ́tàdínlógún lára ìdérí bùútù kan rí, kí ọ̀dà tó gbẹ. Ẹsẹ̀ ọ̀kan ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Bó bá jẹ́ tèmi, yẹ́lò ni màá dá a padà sí. Má fi fóònù ya àwọ̀ náà ránṣẹ́ sí pẹ́ńtà, fóònù kì í gbé yẹ́lò bó ṣe rí. Fi kọ́mpáǹdì tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà fọ ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yẹn, kó gbé ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, kó fín Mimosa sórí irin pẹlẹbẹ kan, kó fín Inca sórí òmíràn. Gbé méjèèjì síwájú ìyàwó nínú oòrùn, má sọ orúkọ wọn fún un, kó fọwọ́ ara ẹ̀ tọ́ka sí èyí tó jẹ́ danfo.