Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta ló ń sanwó fún asáré?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ̀ pé asáré pọ̀ tó báyìí nínú àwọn tó ń ka ojú ewé yìí o. Lóṣù tó kọjá mo kàn mẹ́nu ba owó eré sísá ní gbólóhùn kan péré, ni lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Mo mú mẹ́rin nínú wọn, mo gé èyí tó gùn jù kúrú díẹ̀, kẹ́ni tó ni ín má bínú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, 800 mítà ni mò ń sá, mo ti sá a ní 1:47. Kóòṣì mi ní kí n gbájú mọ́ ọn, kí n fi ṣiṣẹ́ jẹun, àmọ́ gbogbo ẹni tí mo bi pé níbo lowó ẹ̀ ti ń wá, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Ṣé wọ́n máa ń san owó oṣù fáwọn asáré ni, àbí owó ìdíje nìkan ni wọ́n ń jẹ? — Oníyìípo Méjì

ÌDÁHÙN: Àbúrò, 1:47 kì í ṣe eré ọmọdé, mo kí ẹ. Owó oṣù ò sí níbẹ̀, ká ti sọ ìyẹn tán. Agbábọ́ọ̀lù ní kílọ́ọ̀bù, bó bá fi orí bẹ́ǹṣì ṣe ilé látìbẹ̀rẹ̀ sáà dé ìparí, owó ẹ̀ á ṣì máa wọlé. Ìwọ tóò ń sáré, ìwọ lọjà, ìwọ náà lo tún ń kiri ẹ̀.

Owó ìdíje ni gbogbo ayé mọ̀, òun ló sì ń tan èèyàn jẹ jù. Ní Diamond League, ìyẹn ọ̀wọ́ ìdíje ńlá tí wọ́n máa ń ṣe káàkiri ayé lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹni tó bá ṣe ipò kìíní fi ń gba 10,000 dọ́là, tó bá di àṣekágbá ó di 30,000. Ní ìdíje àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Budapest ní 2023, góòlù jẹ́ 70,000 dọ́là, sílífà 35,000, bíróǹsì 22,000, ó ń já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹni kẹjọ tó gba 5,000. Ẹni kẹsàn-án ńkọ́? Kọ́bọ̀ ò kàn án. Ẹni kẹsàn-án nínú gbogbo ayé lò ń gbọ́ yẹn o! Òótọ́ ni pé tí o bá fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé níbẹ̀, 100,000 wà lọ́tọ̀ fún ẹ. Tobi Amusan rí i ṣe ní ìdíje àgbáyé ní Eugene ní 2022, ó sá 100 mítà hurdles, eré tí wọ́n ń fo igi, ní 12.12 ní sẹmí, ó tún padà wá gba góòlù ní àṣekágbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, 170,000 dọ́là láàárín wákàtí mélòó kan. Àmọ́ irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn mélòó ló rí i láyé wọn?

Owó ìfarahàn tún wà, ìyẹn owó tí àwọn tó ń ṣètò ìdíje ń san fún ẹni tó lórúkọ kó tó de okùn bàtà ẹ̀ pàápàá, torí pé orúkọ ẹ̀ ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Tí o bá ń sá 1:47, má retí ẹ̀ ná. Ní tìẹ, tí wọ́n bá bá ẹ san owó ọkọ̀ òfuurufú àti hòtẹ́ẹ̀lì, dúpẹ́.

Ibi tí owó wà gan-an ni ilé-iṣẹ́ bàtà. Àwọn ló ń dá iye kan fún ẹ lọ́dún, wọ́n á wá fi bọ́nọ́ọ̀sì lé e bóo bá gba mẹ́dàlì tàbí tóo sá eré tó yá dé ìwọ̀n kan. Usain Bolt gba góòlù Òlíḿpíìkì mẹ́jọ, síbẹ̀ Puma ló sọ ọ́ di olówó, Forbes fojú bu owó tí wọ́n ń san fún un sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là lọ́dún. Ọ̀rọ̀ bàtà yìí ti pẹ́ gan-an. Ní Òlíḿpíìkì Róòmù ní 1960, Armin Hary ará Jámánì fi bàtà Puma sá 100 mítà, ó gba góòlù, ìgbà tó máa gorí pèpéle gba mẹ́dàlì, Adidas ló wọ̀ gòkè! Ọkùnrin yẹn fẹ́ jẹ lọ́wọ́ ọ̀tún kó tún jẹ lọ́wọ́ òsì, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn wọn ò tíì gbà kí asáré gba kọ́bọ̀ ní gbangba.

Kí n má parọ́ fún ẹ, owó yẹn ò kárí. Ní 2012 ẹgbẹ́ àwọn asáré kan ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ síta pé nínú àwọn tó wà ní ipò kìíní sí ìkẹwàá nídìí eré wọn lórílẹ̀-èdè yẹn, nǹkan bí ìdajì ni kì í rí tó 15,000 dọ́là lọ́dún nídìí eré. Torí náà tí o bá níṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, má tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Owó tí wọ́n bá sì pariwo, dúró kó wọ báńkì kóo tó ná an. Ní 2025 ni ọ̀wọ́ ìdíje Grand Slam Track tí Michael Johnson, asáré Amẹ́ríkà àtijọ́, dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, 100,000 dọ́là fún ẹni tó bá borí ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ayé ń hó, kò pẹ́ wọ́n fagi lé ìdíje ìkẹrin tó yẹ kó wáyé ní Los Angeles, àwọn asáré tó ti sá tiwọn tán wá ń retí owó wọn oṣù lórí oṣù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ sà. Ọmọ mi obìnrin ń sáré, ó sì mọ̀ ọ́n sá, àmọ́ fóònù ò kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Bó ń de okùn bàtà á ya fídíò, bó ń mu omi á ya fídíò. Mo bá a wí, ó ní iṣẹ́ lòun ń ṣe, pé onígbọ̀wọ́ á rí òun. Ṣé òótọ́ ni àbí ó ń fi mí ṣeré? — Ìyá Asáré

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má gba fóònù yẹn o. Ọmọ yín ò parọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti fídíò omi mímu yẹn, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ sí i.

Ẹ jẹ́ n ròyìn ọkùnrin kan fún yín. Nick Symmonds, ará Amẹ́ríkà, 800 mítà lòun náà ń sá. Ní 2012, ọdún Òlíḿpíìkì, ó gbé èjìká òsì ara ẹ̀ sórí eBay. Èjìká gan-an ni mo wí o, ẹran ara, ó ní ẹni tó bá dá owó tó pọ̀ jù lòun máa kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan tó ń jẹ́ Hanson Dodge Creative rà á ní 11,100 dọ́là, wọ́n bá lẹ orúkọ wọn ti Twitter mọ́ ọn lára, tátúù tó ṣeé fọ̀ dànù. Òfin ò sì gba irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ lára asáré, nítorí náà tó bá dé ìdíje ńlá dandan ni kó fi téèpù bò ó. Ẹ wá wò ó: ọkùnrin mẹ́jọ tò sórí ìlà, èjìká mẹ́rìndínlógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò ní nǹkan kan lára, ẹyọ kan ṣoṣo ni téèpù wà lórí ẹ̀. Kí ló wà lábẹ́ téèpù yẹn? Ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n fi 11,100 dọ́là rà.

Ó gba sílífà ní ìdíje àgbáyé ní Moscow lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 2016 ó tún gbé èjìká jáde, John Legere tó jẹ́ ọ̀gá T-Mobile nígbà yẹn san 21,800. Ẹsẹ̀ wá ń dùn ún, kò tiẹ̀ lè sá ìdíje tí wọ́n fi ń mú àwọn tó máa lọ Òlíḿpíìkì, àmọ́ owó ti wọlé, ìròyìn ti káàkiri. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì ní 2017 ó gba orí YouTube lọ, àwọn èèyàn tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀, torí òun ni wọ́n ń wò látijọ́, kì í ṣe aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà.

Ti Veronica Fraley tó ń ju díísíkì náà wà ńbẹ̀. Ní Òlíḿpíìkì Paris ní 2024, ó ku ọ̀la kó wọ pápá, ó kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé òun ò lówó ilé. Flavor Flav olórin rí i, Alexis Ohanian tó wà lára àwọn tó dá Reddit sílẹ̀ rí i, àwọn méjèèjì bá a san án. Ká ní ó panu mọ́ ńkọ́?

Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó máa ya ohun tí ẹni tó jókòó sórí àga ò lè rí. Aago ọwọ́ kóòṣì lẹ́yìn ìyípo kẹfà. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó bó. Ọjọ́ tó ṣe ìkẹyìn, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ara ẹ̀, ìyẹn gan-an làwọn èèyàn máa ń dúró wò. Àwọn ilé-iṣẹ́ kì í ka iye èèyàn tó tẹ̀ lé e nìkan, wọ́n ń wò ó bóyá wọ́n ń dá a lóhùn, bóyá tó bá ní bàtà báyìí lòun ń wọ̀ ẹnì kan máa lọ rà á. Àmọ́ tó bá di òru kí fóònù sùn sí yàrá yín o, asáré tí kò sùn ò ní nǹkan tó máa tà. Tó bá sì dé Òlíḿpíìkì lágbára Ọlọ́run, kó béèrè Rule 40 kó tó gbé ohunkóhun jáde, òfin tó ń ká wọn lọ́wọ́ kò nìyẹn lórí ìpolówó láàárín ọjọ́ ìdíje. Wọ́n dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ní 2019, kò kúrò ńlẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé Òlíḿpíìkì kì í sanwó? Àwa méjì la ta tẹ́tẹ́ lé e. — Alátẹ́tẹ́

ÌDÁHÙN: Ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì fúnra wọn kì í san nǹkan kan. World Athletics, àjọ tó ń ṣàkóso eré sísá lágbàáyé, ló san 50,000 dọ́là fún góòlù kọ̀ọ̀kan nínú eré 48 ní Paris 2024, àwọn ni àjọ eré ìdárayá àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní sílífà àti bíróǹsì máa gba tiwọn ní Los Angeles 2028. Àwọn orílẹ̀-èdè kan pẹ̀lú máa ń fún ọmọ wọn ní tiwọn. Ẹ pín owó tẹ́tẹ́ yẹn sí méjì.

ÌBÉÈRÈ: Ilé-iṣẹ́ bàtà kan fi kọ́ńtíráàtì ránṣẹ́ sí mi, ojú ewé mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá mi wá a ní kí n tètè bu ọwọ́ lù ú kí Monday tó dé, pé wọ́n lè yí ọkàn padà. Ọkọ mi ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Àwa méjèèjì sì ń gbèrò ọmọ láìpẹ́. — Asáré Tó Fẹ́ Bímọ

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire àǹtí, ẹ bá mi kí ọkọ yín. Èmi náà sá 400 mítà nígbà kan, ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ gbé ìwé wá, mo bu ọwọ́ lù ú lórí ìdúró. Bàtà dé, nọ́ńbà 45, ẹsẹ̀ mi jẹ́ 42, wọn ò pààrọ̀ ẹ̀, ìwé tí mo fọwọ́ sí sì ní mi ò gbọ́dọ̀ wọ ti ẹlòmíì. Odindi sáà kan ni mo fi ń ki òwú síwájú bàtà kí n tó sáré. Torí náà ẹ jókòó kà á.

Ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa gígé owó. Wọ́n lè kọ ọ́ síwájú pé báyìí la máa san fún yín lọ́dún, ẹ dé ojú ewé kẹsàn-án, wọ́n ní tí ẹ ò bá sí nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ láyé àwọn máa gé e, tí ìdíje yín ò bá pé iye kan wọ́n máa gé e, tí ẹ bá fara pa ẹ tún rí i. Ní 2016 ọ̀rọ̀ yìí gbé Boris Berian, asáré ará Amẹ́ríkà, dé kóòtù. McDonald's ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó wá gba ìdíje àgbáyé ti inú ilé ní 800 mítà lọ́dún yẹn. New Balance, ilé-iṣẹ́ bàtà kan, fi 125,000 dọ́là lọ́dún lọ̀ ọ́, láìsí gígé kankan. Nike tó ń bá ṣe tẹ́lẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti san iye tí ẹlòmíì bá dá, wọ́n ní àwọn náà san án, Berian ní ọ̀rọ̀ pé wọn ò ní gé owó yẹn ò sí nínú ti Nike, ìyẹn ni wọ́n fi yàtọ̀ sí New Balance. Nike gbé e lọ sí kóòtù, nígbà tó yá wọ́n jáwọ́, ó bá New Balance lọ. Ẹ̀tọ́ yẹn náà ẹ wò ó bóyá ó wà nínú tiyín.

Ti ọmọ wá ńkọ́. Allyson Felix, asáré ará Amẹ́ríkà, ti ní góòlù Òlíḿpíìkì mẹ́fà, ó bímọ, Nike ń bá a dúnàádúrà, owó tí wọ́n ní àwọn máa san fi ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ó ní òun ò wá jà lórí owó, kí wọ́n ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò ní fìyà jẹ òun tí eré òun ò bá tíì já fáfá láwọn oṣù tó yí ìbímọ ká. Wọn ò kọ ọ́. Ní May 2019 ó gbé e sínú New York Times, nígbà tó di August Nike ti yí òfin wọn padà, oṣù méjìdínlógún tí wọn ò ní gé owó obìnrin tó lóyún. Òun ti kúrò ní tiẹ̀, ó bá Athleta tó ń ṣe aṣọ ṣe, ó dá ilé-iṣẹ́ bàtà tiẹ̀, Saysh, sílẹ̀ ní 2021, bàtà ara ẹ̀ ló wọ̀ sá ní Òlíḿpíìkì Tokyo tó fi gba bíróǹsì ní 400 mítà àti góòlù ní eré elérò mẹ́rin (4x400). Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ ọ́. Kí ọ̀gá kan máa rẹ́rìn-ín lórí fóònù pé ẹ má ṣèyọnu, ìyẹn ò wúlò ní kóòtù.

Éjẹ́ńtì yín, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún lọ̀pọ̀ wọn ń gbà, ẹ bi í bóyá nínú owó bàtà nìkan ni àbí nínú owó ìdíje náà. Ẹ tún bi í nípa aṣọ orílẹ̀-èdè, torí onígbọ̀wọ́ tiyín àti ti orílẹ̀-èdè lè má jẹ́ ọ̀kan náà. Symmonds tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ní 2015 ó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé tó ní kó máa wọ Nike ti orílẹ̀-èdè, ó ní kí wọ́n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, wọn ò sì mú un lọ ìdíje àgbáyé ní Beijing.

Monday yẹn ò lè pa yín, ẹni tó bá fẹ́ yín lóòótọ́ á dúró di Thursday. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé tí gígé owó yẹn wà, ẹ fi nǹkan bo orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ká jọ kà á.